Ìrù Ọmọọ́lé Inú Ìkọ́kọrẹ́

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Àdúgbò Pórógun,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde.
                                        14 Oṣù Kẹsàn-án, 1986.

Adébùsọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé eyín tó ń dùn ọ́ ti sinmi? Mo kí ọ nítorí pé wọ́n kọ́ mi nílé láti kí ènìyàn kí n tó bá a wí.

Ọjọ́ kẹjọ rèé tí mo ti wà nílé bàbá mi. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní mo fẹ́ fi májèlé pa ìyá wọn. Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, kí o má baà sọ pé o gbàgbé.

Ní Sátidé ọjọ́ kẹfà oṣù yìí, o wá kí mi ní Ayépé. Bí mo ti ń se ìkọ́kọrẹ́ ìyá ọkọ mi, o rí ọmọọ́lé lára ògiri lókè ìkòkò. Mo ní, “Bùsọ́lá, fi í sílẹ̀.” O ní, “Kí n fi kí ni sílẹ̀? Nǹkan olóró!” O fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ó sá wọ àjà, o ń rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì kò mọ̀ pé ìrù rẹ̀ ti já sínú ìkòkò.

Inú àwo ìyá ọkọ mi ni wọ́n ti bá a. Mọ́ṣádé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, figbe ta: “Yéè! Ọ̀mọ̀wé fẹ́ pa ìyá wa!” Nítorí pé yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ta ni ìbá tún mọ májèlé tó mi. Wọ́n bi ọ́ léèrè lójú mi. O ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, n ò tilẹ̀ dé ilé ìdáná.”

Mo kọ́ nípa ẹranko ní Pólì. Ọmọọ́lé kò ní oró. Bí ewu bá dé, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń já ìrù rẹ̀ jù sílẹ̀. Ìrù á máa jà pìtìpìtì, ẹni tó ń lé e á dúró wò ó, ọmọọ́lé á sì ti lọ. Akàn náà ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi, ara tiwọn ni wọ́n ń yọ̀ǹda. Ìwọ, èmi ni o já jù sílẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹbí yóò pàdé ní Ayépé láti pinnu bóyá kí n padà, tàbí kí wọ́n kó ẹrù mi ránṣẹ́. Olúyọmí ọkọ mi gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè ta ko ìyá rẹ̀. Wá, kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, kí o sọ ẹni tó gbá ọmọọ́lé. N kò bẹ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. N kò ní ogún ọdún. Sátidé ni mo ní. Mo ti da lẹ́tà yìí kọ. Bí o kò bá wá, ọkọ rẹ ni yóò ka èkejì.

Bá mi kí màmá rẹ ní Ìbẹ̀fún. Àwọn kò ṣẹ̀ mí.

Èmi tí mo ti jẹ́ tìrẹ rí,
Mobọ́lájí,
ìyàwó Olúyọmí títí di Sátidé.