Ẹ̀kùyá Olódòdó Àlùkò

Ìyá mi tí mo pè tí kò jẹ́ mọ́,

Kí Ọlọ́run fi yín sí aljannah. Àmọ́ inú ń bí mi sí yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

A ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ yín lánàá. Èrò kún àdúgbò wa ní Asawase, títí kan àwọn ìyá Aṣáńtì tẹ́ ẹ jọ ń tajà ní ọjà Race Course. Kí àlejò tó dé ni Bùrọ̀dá Sàlíù, àkọ́bí yín, ti ní kí wọ́n fín oògùn tí ń pa koríko sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀fọ́ ẹ̀kùyá yín ni wọ́n pa. Òdòdó àlùkò rẹ̀ ti dúdú, èso rẹ̀ ò sì tíì gbó. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún Bùrọ̀dá? Koríko lásán ló jẹ́ lójú tiẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti fi sínú nkatenkwan, ọbẹ̀ ẹ̀pà yín, ńṣe ni Bùrọ̀dá máa ń fún ojú pọ̀ nítorí ìkorò rẹ̀, ẹ ó sì máa fi í rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ rántí obìnrin yunifásítì yẹn tó ń ṣèwádìí ewéko? Ẹ̀kùyá olódòdó funfun ló mọ̀, kò tíì rí irú tiwa rí ní gbogbo Kumasi. Òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìbátan kábéèjì àti músítádì ni, ìyẹn ló fi ń ta ni nímú. Hóró díẹ̀ ló tọrọ. Ẹ fún un lómi mu, ẹ sìn ín dé títì, ẹ ò fún un.

Ó dáa, àjèjì nìyẹn. Èmi ńkọ́? Nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Ẹ fún mi ní ìkòkò, ẹ fún mi ní ọlọ, ẹ kó aṣọ fún mi. Hóró tí ìyá yín dì mọ́ etí aṣọ wá láti Ìlọrin, ẹ fi dù mí. Ta lẹ ń pa á mọ́ dè, Ìyá? Ẹ kì í ṣe ahun. Gbogbo ará ilé lẹ máa ń bu ọbẹ̀ fún kí ẹ tó bu tiyín.

Láàárọ̀ yìí mo wá ẹ̀kùyá olódòdó àlùkò kiri títí dé Anloga Junction. Olódòdó funfun ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Mo já a, mo sè é. Ọmọ mi obìnrin jẹ ẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ọbẹ̀ ìyá àgbà ló ń jẹ. Mi ò lè sọ fún un pé kò ní jẹ ọbẹ̀ yín mọ́ láéláé.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tẹ́ ẹ ò fún ní hóró kan.