Ọwọ́ Tí Mo Fọ̀

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kọkànlá, 1934
Òkú ọmọ mìíràn ní àdúgbò àwọn ahunṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin — àrùn ọ̀fun. Wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá iwájú, àwọn ọmọ àdúgbò tò gbọọrọ, wọ́n ń fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú kò ní rí i lójú àlá. Mo ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àrùn lọ sílé. Ìyá ọmọ ní, "Dókítà, ṣé kó máa wá dẹ́rù bà wọ́n ni?" Wọ́n kọ etí ikún sí mi.

Ọjọ́bọ̀, 8
Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Mo tún bẹ̀bẹ̀ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Alága — Ọ̀gbẹ́ni Bóyá ni mo ń pè é — ní bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Òfin pósí nìkan ni wọ́n gbà: ọmọ tí àrùn ọ̀fun bá pa, kí a kàn án mọ́ pósí ní ilé ìwòsàn, kí ará ilé má fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo kọ òfin náà. Ogún ọdún tí mo ti ń ṣọ́ ìlera ìlú yìí, ìṣó ni mo rí fún wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10
Wọ́n fi ẹfun kọ "Dókítà Ìṣó" sára ilẹ̀kùn. Ìyá Sugden, onílé mi, nù ún kúrò. Ó ní, "Ọ̀lẹ ni wọ́n, wọn ò tiẹ̀ kọ ọ́ dókè. Ẹ wá jẹun." Winnie, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ti jẹ èèpo búrẹ́dì mi tán bó ti máa ń ṣe.

Ọjọ́rú, 14
Ọ̀fun ń dun Winnie.

Ọjọ́bọ̀, 15
Mo wo ọ̀fun rẹ̀. Awọ eléérú tí àrùn náà máa ń fà ti bò ó. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn. Wọn ò jẹ́ kí Ìyá Sugden kọjá ẹnu géètì.

Ọjọ́ Ìsinmi, 18
Winnie kú láàárọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ayé yìí sú mi.

Kí wọ́n tó kan pósí, mo gbé ọwọ́ lé iwájú orí rẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà mo fi oògùn apakòkòrò fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, bí mo ti ń ṣe láti ogún ọdún — n kò tiẹ̀ rò ó.

Ìyá Sugden jókòó ti iná nígbà tí mo délé. Ó bi mí bóyá wọ́n ti kan pósí. Mo jókòó tì í, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Mo fọwọ́ kàn án, Mà."

"Ẹ mú ọwọ́ ọ̀hún wá."

Ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dijú. Ìgbà tó yá ó gbóòórùn oògùn apakòkòrò. Ó rọra dá ọwọ́ mi padà sórí itan mi.

"Ẹ ti fọ̀ ọ́," ló wí.

Ó dìde, ó lọ gbé omi tíì mi kaná.