Ẹ Sọ fún Wọn Pé Mi Ò Kú

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́. Àdùkẹ́ Ọ̀tà ni orúkọ tí mò ń jẹ́ lórí Wasáàpù.

Àwa tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá jà ní gúrúùpù lórí Wasáàpù. Láràárọ̀, kálukú á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun wà. Ẹni tó bá dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, a máa ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ mi ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń kọ ọ́ pé mo wà. Ó ní pásítọ̀ ti kìlọ̀ pé kí n má jẹ́wọ́ àìsàn. Ó ta mí nípàá lójú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi láyà, ó fi òòlù fọ́ fóònù mi tí nọ́ńbà àwọn ará gúrúùpù wà. Mo gé e lọ́wọ́ jẹ dé eegun, mo sì jáde nílé.

Mi ò bèèrè ìmọ̀ràn lórí ọkọ. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì ń gbọ́ yín. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé Àdùkẹ́ Ọ̀tà wà.