Ẹfọ̀n Tó Gbé Orí Àná

Ilé Màmá Àgbà,
Wonosobo.
Ọjọ́ kejì Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀.

Wening, ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara rẹ? Báwo ni ilé ìwòsàn yín ní Makassar, ṣé àwọn aláìsàn ń jẹ́ kí o ráyè jẹun? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera àti ayọ̀. Ara mi le koko, ara Màmá àgbà náà dá ṣáṣá. A bu opor tìrẹ, adìẹ tí a fi omi àgbọn sè, sọ́tọ̀ bí ẹni pé o máa wọlé. Nígbà tí o kò wọlé, mo jẹ ẹ́.

Ṣé o rí ibi tí mo ti ń kọ̀wé? Wonosobo ni o! Ìwọ tí o sọ lórí fóònù pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún ṣèlérí fún Màmá àgbà. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yín ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí pé òótọ́ ni. Inú ọ́fíìsì ní Yogyakarta ni ọdún tó kọjá bá mi. Màmá sì ti sọ fún mi lọ́tẹ̀ yìí pé, "Murtini, ojú mi ò fẹ́ ríran mọ́. Tètè wá, kí n ṣì lè rí ẹ."

O mọ iṣẹ́ wa. Àwọn ayàwòrán ń ya fíìmù fún àwọn ọmọdé, èmi ni mo ń tọ́jú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń kó gbogbo àwòrán pa mọ́, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kálukú. Nígbà tí ààwẹ̀ dé ìdajì, sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Kinasih, olórí àwọn ayàwòrán, á béèrè àwòrán, á lọ kírun, á padà dé, àwòrán ò tíì dé. Ni Ọ̀gá Darsono bá pè wá jọ: "Tí fíìmù yìí ò bá parí ṣáájú ọdún, kò sẹ́ni tó ń relé. Ibí la ti máa ṣọdún." Kinasih bú sẹ́kún, ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ní Blitar. Èmi ò sunkún, ṣùgbọ́n ojú Màmá ni mò ń rò.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣí kánẹ́lì." Kánẹ́lì ni ètò ìsàlẹ̀ pátápátá tó ń pàṣẹ fún gbogbo kọ̀ǹpútà. Béèyàn bá ṣì í ṣe, gbogbo rẹ̀ á kú fin-ín. Ó ní, "Ìyá Wening, ṣé ẹ fẹ́ ba tiwa jẹ́ ni?" Mo ní kó lọ jókòó, iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ohun tí mo rí nìyí. Bí wọ́n bá béèrè àwòrán, kánẹ́lì á kó o sínú mẹ́mórì, á wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ètò tó ń pín fáìlì. Ètò yẹn ò tiẹ̀ ní wò ó, á tún dá a padà fún kánẹ́lì, ìyẹn á tún un dà kọ kó tó fi í sórí wáyà. Àbí irú wàhálà wo nìyẹn? O rántí ilé oúnjẹ àwọn ará Padang ẹ̀gbẹ́ ilé wa, bí agbáwo wọn ṣe máa ń to abọ́ sápá, tó máa gbé e wá sórí tábìlì tààrà? Bẹ́ẹ̀ ni mo ní kí kánẹ́lì máa ṣe, kó fi àwòrán ránṣẹ́ láti ibi tó wà, láìṣe ẹ̀dà kankan. Wening, àwòrán ń fò! Mo jó, tààwẹ̀tààwẹ̀ ni mo jó.

Ayọ̀ yẹn ò tọ́jọ́. Ẹfọ̀n kan wà nínú fíìmù náà, ẹkún ló ń sun tẹ́lẹ̀, Kinasih wá tún un yà kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa jó. Àwòrán tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù gbé orí àná sórí ẹsẹ̀ òní. Ọ̀gá ní, "Ó ń sunkún, ó ń jó. Ṣé ìyàwó tuntun ni? Ẹ dá kánẹ́lì padà sí bó ṣe wà, ká gba kádàrá."

Ká gba kádàrá kẹ̀! Mo ní kó fún mi láyè títí di ìṣínu. Mo wo ẹfọ̀n yẹn títí ó fi yé mi. Ẹ̀dà tí mo yọ dànù yẹn ló ń dáàbò bo àwòrán. Nísinsìnyí, bí Kinasih bá kọ tuntun lé àtijọ́ lórí nígbà tí àtijọ́ ṣì wà lójú ọ̀nà, ìdajì àtijọ́ á ti lọ, ìdajì tuntun á tẹ̀ lé e. Mo wá ní kí kánẹ́lì máa fún ẹni tó ń tún àwòrán yà ní àyè tuntun, kó má fọwọ́ kan èyí tó ti gbéra títí yóò fi gúnlẹ̀. Kí wọ́n máa tún àwòrán tó wà lójú ọ̀nà yà kò wọ́pọ̀, nítorí náà eré rẹ̀ ò dínkù.

Nígbà tí ìṣínu kù díẹ̀, mo ní kí Kinasih máa tún ẹfọ̀n náà yà léraléra, kí gbogbo àwọn tó kù máa béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí orí àná kankan! Ọ̀gá fi dàbínù ṣínu, ó ní, "Ìyá Wening, mo gbà fún yín." Mo ní mi ò gbọ́. Ó tún un sọ.

Bí a ṣe parí fíìmù nìyẹn, tí kálukú di ẹrù rẹ̀. Kinasih ti gbé ọmọ rẹ̀ báyìí. Láàárọ̀ ọdún, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo tọrọ àforíjì bí a ti ń ṣe. Ó sún ojú rẹ̀ mọ́ mi, ó wò mí dáadáa, ó ní mo ti rù. Ó ní kí ni mo ṣe tí wọ́n fi jẹ́ kí n wá, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ni pé èyí tó bá ti gbéra, kẹ́nikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu títí á fi délé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó gbá orí mi mọ́ra: "O káre, ọmọ mi. O ti délé."

Kí Ọlọ́run fún ọwọ́ rẹ ní ìwòsàn, kó dá ẹ̀mí gbogbo wa sí di ọdún tó ń bọ̀, kó sì jẹ́ kí ọ̀gá tìẹ náà jẹ́ kí o wálé.

Èmi ni ìyá rẹ tó mọ kánẹ́lì tinú tẹ̀yìn,
Murtini.

Àfikún: Kinasih tẹ ẹfọ̀n tó gbé orí àná yẹn sórí ìwé fún mi, Màmá sì ti gbé e kọ́ ògiri. Ó ní òun rí i pé ó ń jó. Mi ò sọ fún un pé ó ń sunkún, ìwọ náà má sọ fún un o.