Kẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Kúrò ní Pálọ̀

Ọjọ́rú, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Dókítà sọ ọ́ lónìí, kò fi bò: ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ń ru. Kó máa lo oògùn, kó dín iyọ̀ kù, kó sì máa fi ara ṣiṣẹ́. "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba," ni dókítà wí, "orí àga lẹ ti ń pẹ́ jù."

Lójú rẹ̀, Bàbá Àyànfẹ́ ni mo ń pè é, nítorí ọmọ wa tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀sà-Òkè. Nínú ìwé yìí, Olóyè ni. Ikùn rẹ̀ ti joyè, òun fúnra rẹ̀ ló kù.

Mo ní kó máa rìn dé Òkè-Fíà ní ìdájí. Ó ní rárá o, àwọn ará àdúgbò á ní mọ́tò òun ti kú. Inú ilé lòun ó ti ṣe é, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní wo òun. Inú ilé wo? Yàrá kan àti pálọ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí èèyàn méjì bá fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ọ̀kan á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà.

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín. Mo mọ ohun tó ń rò: Bọ̀dá Fákúnlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí náà ni. Láti ọdún tó kọjá ni apá ọ̀tún wọn ò ti ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyàwó wọn ló ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ó jẹ ẹ̀bà àjẹyó. Ó ní eré ìdárayá ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Fóònù ló fa èyí. Ó rí ẹ̀rọ kan tí èèyàn ń sáré lórí rẹ̀ láì kúrò lójú kan. Ó lọ yá téèpù lọ́wọ́ Sikirat, aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ó wá ń wọn pálọ̀ kiri lórí ìkúnlẹ̀.

Mo ní, "Bí èyí bá wọlé, fíríìjì gbọ́dọ̀ jáde, tàbí èmi."

Ó wo fíríìjì títí. Ó wá wo èmi náà títí. Mo dúró de ìdájọ́ —

Iná ló gbà mí. Mo bi í pé bó bá ń sáré lọ tí wọ́n mú iná lọ ńkọ́, ṣé orí ni yóò fi kan ògiri? Ká má tilẹ̀ sọ iye tí wọ́n pè é. Ó da ojú fóònù bolẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 8

Ọgbọ́n tuntun: okùn fífò. Kò wọ́n, kò gba àyè, àpò ló ń gbé. Lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fífò àkọ́kọ́, okùn lọ wé mọ́ fáànù. Fífò kejì, ilé mì. Kò tíì fo ẹ̀kẹta tí Sikirat fi kan ilẹ̀kùn, téèpù lọ́rùn.

"Ìyá Àyànfẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Iyán òwúrọ̀ nìyí, ẹ ò sì pè mí?"

Eruku àjà ti dà sórí aṣọ funfun tó ń rán fún ìyàwó kan. Olóyè ti sá wọ yàrá. Èmi ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 11

Rùkáyà níbi iṣẹ́ wa yá mi ní rọ́bà gígùn kan lánàá. Èèyàn á so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, á máa fà á. Kò pariwo. Ó dára.

Láàárọ̀ yìí Olóyè so ó mọ́ ilẹ̀kùn yàrá. Mo wà nínú yàrá, mò ń múra iṣẹ́. Mo gbọ́ fàà. Mo gbọ́ gbì. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ti bá a lọ, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, èmi wà ní àtìmọ́lé.

Mo pariwo láti inú, "Ṣé ẹ ò fara pa?"

"Rárá. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

Káfíńtà ló tú mi sílẹ̀. Kí ni kí n wá sọ fún ọ̀gá mi? Pé ọkọ mi ń ṣe eré ìdárayá, òun ni mo ṣe pẹ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

A lọ sí ìsọ̀ tòkúnbọ̀ Mukhtar lọ́nà Ìkìrun. Kẹ̀kẹ́ ló ní, irú tí kò ní táyà: ẹsẹ̀ irin ló fi dúró, èèyàn á máa wà á, kò ní lọ síbì kankan. Kò nílò iná. Àyè tó máa gbà ò ju ti àga kan lọ. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun nìyí.

Olóyè ti ń ná an kó tó fọwọ́ kàn án. Mo ní kó kọ́kọ́ gùn ún. Ti àkọ́kọ́ ń han gooro. Mo rántí Sikirat, mo mi orí. Èkejì ń mì nígbà tí ikùn dé orí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, èyí tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀ jù, kò dún, kò sì mì. Owó rẹ̀ ló sì kéré jù.

"Àǹtí," ni Mukhtar wí, "èyí ò mà rẹwà o."

Mo ní, "Ẹni tó fẹ́ gùn ún ńkọ́?"

Mukhtar rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Olóyè sanwó, ó dá gbé e sínú mọ́tò.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Ó wa kẹ̀kẹ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ: "Mo ti dé Iléṣà."

Mo bi í pé kí ló rà bọ̀.

Ọjọ́rú, 17

Òjò. Mo sá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjì sórí kẹ̀kẹ́. Ó bínú. Mo ní aṣọ kì í rí àyè lórí àga tí onílé bá wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Ìyá rẹ̀ dé láti Ìmẹ̀sí-Ilé, pẹ̀lú odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rí.

"Ulé wo lèyí ń lọ?" Ìjẹ̀ṣà ẹnu wọn ò yẹ̀ rí.

"Kò lọ síbì kankan, Ìyá."

Wọ́n rín ẹ̀rín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n gùn ún, wọ́n ń wà á, wọ́n ń juwọ́ sí wa bí ẹni ń rìnrìn àjò. Olóyè dúró, ó ń retí kí ó kan òun. Kò kàn án.

Lẹ́yìn oúnjẹ la béèrè Bọ̀dá Fákúnlé. Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá. Wọ́n ní ó fẹ́ pe òun láàárọ̀ àná, ohùn lásán ló jáde. "Èmi ni mo kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ," ni wọ́n wí. "Ṣé màá tún bẹ̀rẹ̀ ni?"

Olóyè dìde. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó kọjú sí ògiri, ó wà á títí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi tutù rinrin. Mo ní ẹ̀fẹ̀ kan lẹ́nu. Mo gbé e mì.

Ọjọ́ Ajé, 29

Lójoojúmọ́ ni báyìí. Ìgbànú rẹ̀ ti sún wọ ihò mìíràn. Wọ́n ti fẹ́ rọ ikùn lóyè.

Ọjọ́rú, 8 Ọ̀kítóbà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

A padà sí ọsibítù fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì Àsmá'ù wọn ìfúnpá Olóyè: ó ti wálẹ̀ dáadáa. Olóyè ń yan bí ẹni tó wọlé ìbò. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wọn ti ìyàwó mi náà. Òun ni ọ̀gá eré ìdárayá nílé wa, ẹnu ló fi ń ṣe tiẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo na apá.

Àsmá'ù wọ̀n ọ́n. Ó wọn apá kejì. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí n má sọ̀rọ̀. Èmi! Ó tún wọ̀n ọ́n. Ó dìde, ó lọ pe dókítà.

Tèmi ga ju ibi tí ti Olóyè ga dé rí lọ.

Dókítà bi mí bóyá orí máa ń fọ́ mi. Mo ní oòrùn ni. Ó bi mí ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n fún mi kẹ́yìn. Mi ò rántí. Olóyè ń wo ilẹ̀. Oògùn. Iyọ̀. Kí n máa fi ara ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí n sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nínú mọ́tò, mò ń retí ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. Gbólóhùn kan péré. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Ó kàn ń rọra wa mọ́tò títí a fi délé, bí ẹni gbé ẹyin.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ó jí mi lówùúrọ̀ kùtùkùtù. Ó ti sọ ìjókòó kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ tèmi. Oògùn wà lórí tábìlì, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Díẹ̀díẹ̀ ni o, Ìdùnnú."

Kò pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí Àyànfẹ́.

Mo gùn ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó mú, bí wọ́n ṣe ń dì í mú fún ọmọdé kó má baà ṣubú. Kẹ̀kẹ́ tí kò lè ṣubú! Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́.

Mo bojú wẹ̀yìn: apá ọ̀tún mi ló tẹjú mọ́, irú èyí tí Bọ̀dá Fákúnlé ò lè gbé mọ́.

Mo kọjú síwájú. Mò ń wà á lọ.