Nọ́ńbà Tí Mo Fún Ìrora Mi

Ìyá Wẹ̀mímọ́, mo kí ọ láti ilé ìwòsàn ní Kútọnu. Mò ń jẹun dáadáa, má dààmú.

Fréjus àti Edwige, tí wọ́n ń ṣèwádìí lórí ẹ̀yìn tó ń dun àwa àgbẹ̀, wá bá mi lánàá. Fréjus ní kí n fi nọ́ńbà sọ ìrora mi, láti oókan dé ẹẹ́wàá, ẹẹ́wàá ni èyí tó dunni jù. Ṣebí nílé wa, ẹni tó bá béèrè àlàáfíà, “a dúpẹ́” là ń dá a lóhùn. Mo ní ẹẹ́ta.

Edwige jókòó. “Bàbá, kí ni ẹ kò lè dá ṣe mọ́?” Kí n tó mọ̀, mo ti sọ pé Wẹ̀mímọ́ ló ń wọ ṣòkòtò fún mi.

Fréjus ní nọ́ńbà ni òun lè fi wé ti èèyàn púpọ̀. Edwige ní, “Ṣé nọ́ńbà tìrẹ mọ̀ nípa ṣòkòtò?”

Ọ̀la ni dókítà yóò ka ohun tí àwọn méjèèjì kọ, kó tó pinnu bóyá wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Mo bẹ̀rù ọ̀bẹ, mo sì bẹ̀rù kí n padà wálé báyìí.

Má fi iṣu oko wa ní Sakin dúró dè mí, ẹ gbìn ín. Bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹni tó bá béèrè mi, sọ pé mò ń bọ̀.