Ẹ̀rọ Tí Kì Í Lo Ríbọ́ọ̀nù

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Karùn-ún

Ilé ìtajà ńlá kan ní Karachi ti gbà láti máa ta achaar wa, máńgòrò tá a fi ata àti òróró rẹ. Ọ̀ọ́dúnrún ìgò. Ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ wọn máa wá kó o níbí, ní Shikarpur. Àmọ́ wọn ò ní gba ìgò kankan tí kò ní bákóòdù lára, àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ fi ń ka iye owó.

Òfin — orúkọ tí mo sọ Bọ̀ọ̀dá Imdad, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, nínú ìwé yìí nìkan — ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí tíì rẹ̀. Ó ní, "Tí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, Mehtab, o máa padà sílé ẹ̀gbọ́n ẹ ní Larkana. Humaira ò ní bá ẹ lọ o. Ọmọ wa ni."

Ọmọ wa! Ta ló rọbí ẹ̀? Ọdún mẹ́ta rèé tí ọkọ mi ti kú, ọmọ ò tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bọ̀ọ̀dá." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ọjọ́ Rírú, 22

Mo fi fóònù pe ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ tó ń tẹ bákóòdù ní Sukkur. Méjì ló ní. Ọ̀kan ń lo ríbọ́ọ̀nù oníyíǹkì. Tó bá tán, èèyàn á tún lọ ra òmíràn. Èkejì ò lo yíǹkì rárá, ooru inú rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ sára bébà. Ó ní, "Àǹtí, oníríbọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ mú. Ó máa ń pẹ́ lára ìgò."

Mo rò ó títí. Obìnrin ilé yìí kì í dá lọ sọ́jà. Tí ríbọ́ọ̀nù bá tán, Òfin ni màá bẹ̀. Á ní ó di ọ̀la. Á ní kí ni mo fi èyí tó kọjá ṣe. Ẹ̀bẹ̀ ti sú mi! Mo mú èyí tí kì í lo ríbọ́ọ̀nù, pẹ̀lú bébà tó máa tó ọdún kan.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Ó dé. Humaira ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo jó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹfà

Gbogbo ìgò ti kún. Amma, ìyá ọkọ mi, ló fọwọ́ ara rẹ̀ dé wọn. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn — a dé e, a sá a sóòrùn lórí òrùlé fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ máa fọwọ́ kàn án mọ́. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe lẹ bákóòdù mọ́ wọn kí wọ́n tó gòkè.

Ọjọ́ Ajé, 3

Ooru yìí! Mi ò gòkè.

Ọjọ́ Rírú, 5

Mo gòkè. Gbogbo bébà ti dúdú. Kì í ṣe ìlà o — gbogbo bébà, ọ̀ọ́dúnrún, látòkè délẹ̀. Mo jókòó sáàárín wọn, mo sunkún.

Mo pe òǹtajà ẹ̀rọ. "Àǹtí, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ máa sá a sóòrùn!" Lóòótọ́, mi ò sọ. Ta ni ò mọ̀ pé oòrùn ni achaar ń jẹ? Ó ní tí mo bá tún un tẹ̀, ooru inú ọkọ̀ á tún sọ ọ́ di dúdú kó tó dé Karachi. Kí n gbé ẹ̀rọ náà wá, òun á fi oníríbọ́ọ̀nù pààrọ̀ rẹ̀. Kí n gbé e wá, ló ń wí. Èmi!

Mo bẹ Òfin kó bá mi gbé e lọ, ó kọ̀. Òun ò lè máa sáré kiri nítorí bébà. "Di ẹrù ẹ."

Ọjọ́ Bọ̀, 6

Mo di ẹrù. Humaira ní ta ló máa wá máa di irun òun. Mo fà á mọ́ra, mo di irun ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 7

Òfin ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Amma jáde nínú yàrá, ó ti da ìborùn bora. "Gbé ẹ̀rọ yẹn ńlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti rí Sukkur gbẹ̀yìn." Ẹnu yà mí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ bọ́ọ̀sì. Ní ṣọ́ọ̀bù, Amma ní kí òǹtajà búra pé èyí ò ní dúdú lóòrùn. Ọkùnrin náà búra, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tá a gbé ẹ̀rọ tuntun padà dé, Òfin ti dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní ta ló ní kí n jáde. Ó ní Larkana yá.

Amma ò gbóhùn sókè. "Èmi ni mo mú un jáde, èmi náà sì jáde. Ẹ̀gbọ́n tèmi ti kú, Imdad. Ilé ta lo fẹ́ lé èmi lọ?"

Òfin yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ìyá rẹ̀. Mo di Humaira lọ́wọ́ mú, a tẹ̀ lé Amma wọlé.